Èéfín Katakata Ògbólógbòó: Ìtàn Ẹ̀rọ àti Ìmọ̀ Tí Kò Bá A Wá

Àwọn àgbà a máa sọ pé èéfín ni ìwà, kò ṣeé bò mọ́lẹ̀. Ìwà ọmọ ènìyàn ni wọ́n ń fi òwe náà bá wí, ṣùgbọ́n bí a bá gbé e ka orí ẹ̀rọ tí ń jó epo dísù, yóò bá a mu pẹ̀lú. Bí ara irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá le, èéfín rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn sójú nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́. Bí àìsàn bá wọ̀ ọ́ lára, ẹnu ọ̀pá èéfín, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní sàláńsà, ni yóò ti kọ́kọ́ jẹ́wọ́, kí ó tó di pé ẹ̀rọ náà dákẹ́ sí àárín oko. Èéfín náà lè dúdú, ó lè funfun, ó sì lè rí bí aró tí a fi omi là. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀.

Ní Awo, tí ó jẹ́ olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dọ̀rẹ́ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí kò sì jìnnà sí Ẹdẹ, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Àgbẹ̀ tí ó bá fẹ́ gbin àgbàdo àkọ́rọ̀ òjò ní láti tú ilẹ̀ rẹ̀ ní kété tí òjò àkọ́kọ́ bá ti mú ilẹ̀ rọ̀, ní nǹkan bí oṣù kẹta sí oṣù kẹrin ọdún. Àkókò náà kò gùn. Bí katakata tí àwọn àgbẹ̀ agbègbè kan jọ ń háyà bá dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kì í ṣe ẹni tí ó ni ín nìkan ni ó pàdánù. Ẹni tí ó ti san owó sílẹ̀ pàdánù, ẹni tí ó ti ra irúgbìn pàdánù, ẹni tí ó yá owó láti fi ṣe iṣẹ́ oko sì wà nínú gbèsè. Púpọ̀ nínú àwọn katakata wọ̀nyí kì í sì í ṣe tuntun. Ògbólógbòó ni wọ́n, tí wọ́n ti kọjá lọ́wọ́ olówó méjì tàbí mẹ́ta.

Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni èyí: kí ló dé tí ẹ̀rọ tí ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ àrùn tí ń ṣe é fi ń kú ikú àìròtẹ́lẹ̀? Kì í ṣe inú ẹ̀rọ nìkan ni ìdáhùn wà. Ó wà nínú ìtàn bí ẹ̀rọ náà ṣe dé ọ̀dọ̀ wa.

Èéfín tí ojú kọ́kọ́ rí

Ọ̀nà ojú irin dé Ìbàdàn láti Èkó ní 1901. Ní 1907 ìjọba amúnisìn nà án dé Òṣogbo, ó sì gba Ẹdẹ kọjá. Èédú ni ọkọ̀ ojú irin ìgbà náà ń jẹ, omi gbígbóná ni ó sì ń fún un ní agbára. Bí ó bá ń fà, èéfín dúdú a gba ojú ọ̀run. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀rọ Lister tí ń jó dísù wọ ọjà àti ilé ìlọta, tí ariwo rẹ̀ ń bá ti àwọn alágbàdo àti àwọn ẹlẹ́lùbọ́ dọ́gba. Kò yani lẹ́nu bí ẹni tí ó dàgbà sí ìdí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá rò pé èéfín dúdú ni àmì agbára, pé ẹ̀rọ tí kò bá rú èéfín kò tíì ṣiṣẹ́. Èrò yìí kò tíì parẹ́ títí di òní, ó sì ti náni ní owó púpọ̀.

Ẹni tí ó dá ẹ̀rọ dísù sílẹ̀ kò ní irú èrò bẹ́ẹ̀ rárá. Ọmọ ilẹ̀ Jámánì ni Rudolf Diesel, ìlú Paris ni a sì bí i sí ní 1858. Ohun tí ó ń bí i nínú ni ìfiṣòfò: púpọ̀ jù lọ nínú ooru tí ẹ̀rọ oníná èédú ń dá sílẹ̀ ni ó ń bá afẹ́fẹ́ lọ láìṣe iṣẹ́ kankan. Ní 1892 ó béèrè fún ìwé àṣẹ lórí irú ẹ̀rọ mìíràn; ní 1897, ní ìlú Augsburg, ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ débi pé kò sí ẹni tí ó lè jiyàn mọ́. Níbi ìpàtẹ àgbáyé tí wọ́n ṣe ní Paris ní 1900, wọ́n fi òróró ẹ̀pà wa ọ̀kan nínú irú ẹ̀rọ yìí. Diesel fúnra rẹ̀ ṣàlàyé ní 1912 pé ìjọba Faransé ni ó ń ro àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, níbi tí ẹ̀pà ti pọ̀, pé kí wọ́n lè máa fi ohun tí ilẹ̀ wọn mú jáde wa ẹ̀rọ wọn. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, 1913, ó wọ ọkọ̀ ojú omi tí ń lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a kò sì rí i láàyè mọ́. Àlá òróró ẹ̀pà náà kò ṣẹ, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni ojú àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ yìí ti wà lára ilẹ̀ Áfíríkà.

Ní ìlú Paris kan náà, kí ọ̀rúndún náà tó parí, ni Maximilien Ringelmann, olùkọ́ nípa ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀, gbé èéfín ka orí òṣùwọ̀n. Ní 1888 ni wọ́n dá ibùdó tí ó ti ń dán ẹ̀rọ oko wò sílẹ̀ níbẹ̀. Ó fa ìlà dúdú sí orí ìwé funfun, àwọn kan tín-ín-rín, àwọn kan nípọn, tí ó jẹ́ pé bí a bá jìnnà sí wọn, ojú yóò rí wọn bí eérú. Òdo ni ó fún ìwé tí kò ní ìlà, 5 ni ó fún èyí tí ó dúdú pátápátá. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí èéfín ti dúdú tó yóò wo ìwé náà, yóò sì wo ẹnu ọ̀pá èéfín. Ohun tí ó yẹ kí a fi ọkàn sí ni pé olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ó ṣe èyí. Wọ́n mọ̀ nígbà náà pé èéfín ṣeé kà.

Ẹ̀rọ dé, ìmọ̀ kò bá a dé

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ni dísù gba oko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Frank Perkins ti dá ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Peterborough ní 1932. Ní 1959 ilé-iṣẹ́ Massey-Ferguson rà á. Ní àárín àwọn ọdún 1960 ni Massey-Ferguson 135 jáde, tí ó ní ẹ́ńjìnì Perkins onísílíńdà mẹ́ta. Ó kéré, ó lágbára, kò sì ní ẹ̀tàn nínú. Ó di ojúlùmọ̀ ní oko Nàìjíríà, ó sì wà lára àwọn ògbólógbòó tí a ṣì ń rí lónìí.

Ṣùgbọ́n kí 135 tó dé ni ìkìlọ̀ ti wáyé. Ní 1949 ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ oko ńlá kan ní Mokwa, ní ilẹ̀ Núpé, níbi tí katakata yóò ti máa tú ilẹ̀ fún ẹ̀pà àti ọkà. Ní 1954 ó ti túká. Gbòǹgbò igi inú ilẹ̀ ń fọ́ irin, owó tí ẹ̀rọ ń jẹ sì pọ̀ ju ohun tí oko ń mú wá lọ. Ní Tanganyika, ní ìlà oòrùn Áfíríkà, irú oko ẹ̀pà bẹ́ẹ̀, tí ó tóbi ju ti Mokwa lọ fíìfíì, ti bẹ̀rẹ̀ ní 1947, ó sì ti fọ́ pátápátá ní 1951.

Ní apá Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà, ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣe ètò oko àgbájọ fún àwọn ọ̀dọ́ tí ó ti jáde ilé ẹ̀kọ́. Olóyè Akin Deko ni mínísítà fún iṣẹ́ àgbẹ̀, àpẹẹrẹ ilẹ̀ Israel ni wọ́n sì wò. Láti 1959 sí 1960 lọ ni irú àwọn oko bẹ́ẹ̀ ń dìde ní Ilọrà, ní Akùfọ̀, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ẹ̀sà-Òkè àti ní àwọn ibòmíràn. Ní 1976 ìjọba ológun Ọ̀gágun Ọbásanjọ́ kéde ètò tí ó ní kí orílẹ̀-èdè bọ́ ara rẹ̀. Ní 1980 ìjọba Alhaji Shehu Shagari kéde tirẹ̀, ó pè é ní ìyípadà tútù yọ̀yọ̀. Owó epo rọ̀bì wà lọ́wọ́, katakata sì ń wọlé. Ilé-iṣẹ́ Steyr tilẹ̀ ń to katakata pọ̀ ní Bauchi ní àwọn ọdún 1980.

Nínú gbogbo ètò wọ̀nyí, iye katakata tí a rà ni ìjọba máa ń kéde. Iye ènìyàn tí a kọ́ láti tọ́jú wọn kì í sábà wà nínú ìkéde. Awakọ̀ kọ́ bí a ṣe ń wà á. Ìwé ìtọ́jú tí ó bá ẹ̀rọ wá wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, inú dúrọ́ọ̀ ọ́fíìsì ni ó sì sábà máa ń parí sí. Bí ẹ̀rọ kan bá kú, òmíràn ń bọ̀ lọ́nà, nítorí náà kò sí ẹni tí ó kà èéfín sí.

Ọdún 1986 ni òpin dé bá ìgbà ọ̀pọ̀. Ìjọba Ọ̀gágun Babangida bẹ̀rẹ̀ ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, ó sì jẹ́ kí náírà wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà. Ní 1985 náírà 1 ṣì ju dọ́là 1 lọ. Ní 1987 ó ti di nǹkan bí náírà 4 kí ènìyàn tó rí dọ́là 1. Katakata tuntun kúrò ní ohun tí àgbẹ̀ lásán lè nà ọwọ́ sí. Àwọn ẹ̀rọ tí ìjọba ti kọ̀ sílẹ̀ ni àwọn aládàáni rà, tí wọ́n tún ṣe, tí wọ́n sì fi ń jẹun. Láti ìgbà náà ni èéfín ti di ọ̀rọ̀ pàtàkì, nítorí pé kò sí òmíràn tí ń bọ̀ lọ́nà mọ́.

Bí a ṣe ń ka èéfín

Ẹni tí yóò ka èéfín ní láti kọ́kọ́ mọ bí dísù ṣe ń jó. Ẹ̀rọ yìí kò ní ohun tí ń ṣáná sí epo bí ti ẹ̀rọ bẹntiróòlù. Písítìn ni ó ń fún afẹ́fẹ́ mọ́ ibi tóóró, títí yóò fi kéré sí nǹkan bí ìdá kan nínú 16 tàbí 18 ìwọ̀n rẹ̀ àtẹ̀yìnwá. Bí afẹ́fẹ́ bá há bẹ́ẹ̀, yóò gbóná kọjá 500 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nígbà náà ni pọ́ǹpù yóò ti epo gba ẹnu nọ́súlù wọlé bí ìrì wínníwínní, epo náà yóò sì gbiná fúnra rẹ̀. Nítorí náà ohun mẹ́ta ni iṣẹ́ náà dúró lé: kí afẹ́fẹ́ tó, kí ooru tó, kí epo sì wọlé ní ìwọ̀n rẹ̀, ní àkókò rẹ̀. Èéfín ni yóò sọ èyí tí ó yẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Èéfín dúdú ń sọ pé epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Epo tí kò rí afẹ́fẹ́ tó ni ó di èédú kíún-kíún tí a ń rí. Bí ó bá tú díẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹrù, tí ó sì mọ́ lẹ́yìn náà, kò sí àrùn níbẹ̀. Bí kò bá mọ́, ibi tí ó yẹ kí ojú kọ́kọ́ lọ ni asẹ́ afẹ́fẹ́. Púpọ̀ nínú katakata àtijọ́ ni ó ní asẹ́ tí a ń bu ọ́ìlì sí, tí eruku yóò máa rì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọjọ́ kan péré ti tó láti sọ ọ́ di ẹrẹ̀. Lẹ́yìn asẹ́ ni kí a wo ẹrù: bóyá irin ìtúlẹ̀ wọlẹ̀ jù, tàbí awakọ̀ fi jíà tí ó ga fa ilẹ̀ líle. Lẹ́yìn ìyẹn ni ó tó kan nọ́súlù, tí ẹnu rẹ̀ lè ti jẹ, tí epo sì ń kán dípò kí ó fọ́n. Pọ́ǹpù ni ó kẹ́yìn.

Ibí yìí ni àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí agbára ẹ̀rọ bá ti dínkù, àwọn mìíràn a tú ìdè pọ́ǹpù, wọn a sì fi kún epo rẹ̀. Fún ọjọ́ díẹ̀ ẹ̀rọ náà yóò dà bí ọ̀dọ́, èéfín rẹ̀ yóò sì dúdú bí ti ọkọ̀ ojú irin àtijọ́. Ẹni tí ó ni ín yóò rò pé ó ti gbádùn. Ooru àpọ̀jù náà ni yóò wá jẹ orí písítìn. Àìsàn tí ìfọ̀ asẹ́ kan ìbá wò sàn ni ó di títú gbogbo ẹ́ńjìnì palẹ̀.

Èéfín funfun ní ìran méjì, a kò sì gbọdọ̀ fi ọ̀kan pe èkejì. Ti àkọ́kọ́ ni epo tí kò jó: ooru kò tó, epo sì di ìkùukùu. Ó ń rùn bí dísù, ó sì ń ta ojú. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́, kò burú bí ó bá rú u fún ìgbà díẹ̀ kí ara rẹ̀ tó yá. Bí ó bá ti gbóná tán tí kò dáwọ́ dúró, ó lè jẹ́ pé ríǹgì tàbí fáàfù ti jẹ, tí afẹ́fẹ́ kò sì há mọ́ bí ó ti yẹ. Ó lè jẹ́ pé pọ́ǹpù ń pẹ́ kí ó tó ti epo wọlé. Ó sì lè jẹ́ omi ni ó wà nínú dísù. Ti èkejì ni omi rádíétọ̀ tí ó ń gba ojú gásíkẹ́ẹ̀tì tí ó ti jó tàbí orí ẹ́ńjìnì tí ó ti sán wọ inú sílíńdà. Kò rùn bí dísù. Omi rádíétọ̀ a máa dínkù láìsí ibi tí ó ń jò, ìfófòó a máa wà lójú rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, ọ́ìlì sì lè dà bí ògì. Bí a bá na páálí sí ibi tí èéfín ń gbà jáde, ti omi yóò tutù, yóò sì gbẹ. Ti dísù yóò fi ọ̀rá àti òórùn sílẹ̀. Ẹni tí ó bá rí àmì omi, kí ó pa ẹ̀rọ náà ní kíá.

Èéfín tí ó rí bí aró ń sọ pé àlejò kan wọ ibi ìdáná: ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ni ó ń jó. Bí ó bá ń tú nígbà gbogbo, tí ó sì ń pọ̀ sí i bí ẹrù bá pọ̀, ríǹgì àti ara sílíńdà ni ó sábà jẹ́, èémí a sì máa tú jáde níbi tí a ti ń bu ọ́ìlì sí. Bí ó bá jẹ́ pé nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kíkì rẹ̀ nìkan ni, ibi tí ẹsẹ̀ fáàfù ti ń kọjá ni kí a fura sí. Ṣùgbọ́n kí a tó sọ pé ẹ̀rọ ti gbó, kí a wo ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì, kí a sì wo asẹ́ afẹ́fẹ́. Ọ́ìlì tí a bù ju ìwọ̀n lọ sí èyíkéyìí nínú méjèèjì lè fa èéfín kan náà. Ti inú asẹ́ tilẹ̀ lè burú jù: bí ẹ́ńjìnì bá fà á mu, ó lè máa fi ọ́ìlì náà sáré débi pé pípa dísù kò ní lè dá a dúró.

Bí a bá fẹ́ mọ sílíńdà tí ó ń ṣàìsàn, àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì a máa tú ìdè ọ̀nà epo nọ́súlù kọ̀ọ̀kan díẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ wọ́ọ́rọ́. Bí ohùn ẹ́ńjìnì bá rẹlẹ̀, sílíńdà náà ń ṣiṣẹ́. Bí ohùn kò bá yí padà, a ti rí i. Iṣẹ́ ọ̀gá ni èyí, nítorí pé epo tí ń ti ibẹ̀ fọ́n lágbára tó láti gún awọ ara wọ inú ẹran. Ẹni tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí, ilé ìwòsàn ni kí ó gbà lọ lójú ẹsẹ̀, bí ojú ọgbẹ́ náà tilẹ̀ kéré bí ojú abẹ́rẹ́.

Ohun tí ó kù

Nínú gbogbo ohun tí a ti kà sílẹ̀ yìí, ìlànà kan ṣoṣo ni ó so wọ́n pọ̀: láti orí ohun tí kò náni ní nǹkan ni a ti ń lọ sí orí ohun tí ó wọ́n. Asẹ́, ẹrù, epo, omi àti ọ̀pá ọ́ìlì ni ó ṣáájú; nọ́súlù tẹ̀ lé e; pọ́ǹpù àti títú ẹ́ńjìnì ni ó gbẹ̀yìn. Ẹni tí ó bá farabalẹ̀ pa èèrà ni yóò rí ìfun rẹ̀. Ìtàn sì fi hàn pé ìfarabalẹ̀ yìí gan-an ni kò sí nínú àwọn ètò ńlá, láti Mokwa títí dé ìgbà ọ̀pọ̀ owó epo. Owó wà, ilẹ̀ wà, ẹ̀rọ sì wà. Ẹni tí yóò wo ẹnu ọ̀pá èéfín ni kò sí.

Èrè rẹ̀ kò kéré lónìí. Ní 2024, lítà dísù kan kọjá náírà 1,000, èéfín dúdú sì jẹ́ dísù tí a rà tí kò tú ilẹ̀ kankan. Àjọ tí ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kéde ní 2012 pé èéfín dísù wà lára ohun tí ń fa jẹjẹrẹ, nítorí náà awakọ̀ tí ó jókòó sí ẹ̀yìn rẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́ ń fi ara rẹ̀ san nínú owó náà.

Olùkọ́ kan ní Paris fi ìlà dúdú kọ́ àwọn ènìyàn ní kíka èéfín, ó ti ju 100 ọdún lọ. Ọmọṣẹ́ mẹkáníìkì ní Awo tàbí ní Ẹdẹ kò nílò ìwé rẹ̀ kí ó tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Páálí kan, ojú tí ó ń wòye, imú tí ó mọ òórùn dísù yàtọ̀ sí ti ọ́ìlì, àti ọ̀gá tí kò kánjú mú sípánà ti tó. Bí a bá ti kọ́ irú ọmọṣẹ́ bẹ́ẹ̀ méjì ní agbègbè kọ̀ọ̀kan nígbà tí a ń ra katakata, ọ̀pọ̀ nínú irin tí ó dípẹtà sí ẹ̀yìn ilé-iṣẹ́ àgbẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá ni ìbá ṣì wà ní oko títí di òní.